Ìwé Adẹ́rùbani Tí Mo Kà fún Ìyá Àgbà

Òórùn ìwé náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa tí wọ́n ká sínú àpótí kó tó gbẹ, káńfọ̀ díẹ̀ sì wà nínú òórùn náà pẹ̀lú. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ojú ewé mélòó kan níbẹ̀rẹ̀ ti bá a lọ, nítorí náà títí di òní olónìí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè Òyìnbó ní ilé ìwé Mọ́dà ní Ìkirè ló yá mi nígbà tí a fẹ́ gba họ́lídè. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn bò ó kó má baà túká tán. Wọ́n na ìwé náà sí mi, wọn kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá ẹ̀rù kì í bà mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ òkú tó ń rìn ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rù kankan kì í bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì máa ń yá ju bó ti yẹ lọ.

A kò tíì gba òmìnira, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo ènìyàn kò kúrò lórí rẹ̀, ọmọbìnrin tó bá sì lè ka ìwé Òyìnbó tó nípọn bí búrẹ́dì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú di. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ apá ni mo ń gbé ìwé náà sí kiri Ìkirè. Wọ́n lè rán mi lọ ra iyọ̀, wọ́n lè rán mi lọ pọn omi, ìwé ń bẹ lábẹ́ apá. Àwọn obìnrin tó ń ta dòdò létí títì fún àwọn èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní tíṣà kékeré, mi ò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé mi ò tíì kúrò lójú ewé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan kò lè parí kí n má ṣí ìwé atúmọ̀ èdè bàbá mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá sì bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè náà tún máa ń fẹ́ ìtumọ̀ tirẹ̀.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìkirè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n fi páànù tuntun bò, ọ̀rọ̀ ilé yẹn nìkan ló sì ń jáde lẹ́nu wọn ní gbogbo àkókò náà. Yàrá kan wà nínú rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, tó kọjú sí títì. Ti ìyá wọn ni. Ìyá àgbà yìí ń dá gbé ní Àpòmù, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá àgbà kọ́ nígbà tí wọ́n ti apá Ògbómọ̀ṣọ́ wá dá oko kòkó. Ògiri ẹ̀yìn ilé náà ti là, tí òjò bá sì rọ̀, omi máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá mi ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìkirè kí ògiri tó wó lù wọ́n. Ìyá àgbà kò bá wọn jà. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní ọmọ òun ṣeun, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á sì bu oúnjẹ fún un. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Bàbá àgbà ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Inú yàrá tí ìyá àgbà ń sùn ni a sin wọ́n sí, bí wọ́n ti máa ń sin baálé sínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nígbà náà. Kò sí òkúta lórí ibẹ̀, kò sí àmì kankan. Ìyá àgbà máa ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ yàrá náà títí á fi dán, ibi tí bàbá àgbà wà sì máa ń tutù ju ibi yòókù lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí nítorí ooru, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi jà sí i. Ní òwúrọ̀, kí ìyá àgbà tó bá alààyè kankan sọ̀rọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á kí ọkọ wọn, wọ́n á wá ròyìn fún wọn. Òjò rọ̀ lánàá. Ewúrẹ́ ilé kejì ti tún wọ inú gbágùúdá wa. Ọmọ yín ránṣẹ́ láti Ìkirè. Èmi náà á kúnlẹ̀ tì wọ́n, màá kí bàbá àgbà, màá sọ tèmi. Lẹ́yìn náà la ó wá gbàdúrà ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó rí i bí nǹkan bàbàrà. Bàbá mi nìkan ni mi ò rántí pé mo rí nínú yàrá yẹn rí. Tí wọ́n bá wá, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, bàtà lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè.

Nígbà tí họ́lídè dé, bàbá mi pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n lọ lò ó ní Àpòmù, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi máa ń wọ ìyá àgbà létí. Kí n rọra máa bá wọn sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá rí i ṣe, èmi àti ìyá àgbà ni a ó jọ máa lo yàrá onífèrèsé ńlá yẹn, àwọn á sì kan tábìlì kan fún mi síbẹ̀ tí màá ti máa kàwé. Mo ti rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, tí àwọn èrò Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ń ti inú ọkọ̀ wò mí pẹ̀lú ìwé mi. Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé lé e lórí, ó di Àpòmù.

Abẹ́ igi obì ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń kàwé lọ́sàn-án, ìyá àgbà á sì jókòó tì mí, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́ kejì ó sú wọn pé kí n máa kà á sínú.

"Sọ ọ́ jáde kí èmi náà gbọ́."

"Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, Ìyá."

"Ìwọ ṣáà ń gbọ́ ọ. Fi èdè wa sọ ọ́."

Bó ṣe di pé mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn nìyẹn. Ọkùnrin olówó kan ló kọ́ ilé olókùúta sórí àpáta létí òkun. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín sí àjà ilẹ̀ lábẹ́ ilé náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, àwọn tọkọtaya kan wá jogún ilé, wọ́n kó wọ ibẹ̀, ni àbẹ́là bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀, ni ilẹ̀kùn bá ń tì fúnra rẹ̀, ni ẹsẹ̀ ẹni tí wọn kò rí bá ń dún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọjọ́ kan kò mọ́ nínú ìwé náà kí òjò má rọ̀. Ìyá àgbà bi mí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rí aṣọ sá.

"Yàrá ilé náà tó ogójì, Ìyá."

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Tọkọtaya náà ni, pẹ̀lú ìránṣẹ́ arúgbó kan."

Ìyá àgbà dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Ta wá ni ń gbá a?"

Mo yẹ ìwé wò. Ìwé kò sọ.

Nígbà tí a dé ibi tí òkú ti dìde, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ranjú, bí tíṣà wa ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Mo ní ọkùnrin tó ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Mo dúró kí ẹ̀rù ba ìyá àgbà. Wọ́n kàn mi orí.

"Àkúdàáyà ni. Ìlú wo ló wá lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, Ìyá. Inú ilé náà ló wà."

"Inú ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò gbọ́n nìyẹn."

Ìyá àgbà mọ ọ̀rọ̀ àkúdàáyà dáadáa. Kì í ṣe pé wọ́n rí i rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó mọ ẹni tó rí i. Ọkùnrin kan ládùúgbò wọn nígbà èwe wọn kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tán, oníṣòwò kan wá pàdé rẹ̀ lọ́jà ìlú òkèèrè níbi tó ti ń ta iyọ̀, tòun ti ìyàwó tuntun àti ọmọ méjì. Ó kí oníṣòwò náà dáadáa, ó ní kó dúró de òun, òun ń lọ bu omi fún un, kò sì padà wá mọ́. Ìyá àgbà ní ohun tó yẹ kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ máa jẹ ayé ṣe nìyẹn. Á lọ síbi tí ẹnì kankan kò ti mọ̀ ọ́n, á gbéyàwó, á wá iṣẹ́ ṣe. Èwo wá ni kéèyàn kú tán kó máa rìn kiri yàrá ara rẹ̀, kó máa pa iná mọ́ àlejò lójú? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé bí ìwé adẹ́rùbani ṣe ń rí nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ni kí n lọ ṣàlàyé fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni ibi tí ìyàwó inú ìwé náà ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀, tó rí ibojì, tó wá mọ̀ pé orí òkú ni òun ti ń sùn láti ìgbà tí òun ti dé. Ó kígbe, ó sì dákú.

"Ó dákú?" ni ìyá àgbà bi mí.

"Ó dákú, Ìyá."

"Nítorí pé wọ́n sin onílé sínú ilé? Ibo ló fẹ́ kí wọ́n sin ín sí, inú igbó?"

A jọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò bá mi dé inú yàrá. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ́ ẹní mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ibi tí mo ti ń jà sí láti kékeré, mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó fà á tí ibẹ̀ fi ń tutù. Mo wo ilẹ̀ náà, ó jọ pé ilẹ̀ náà ń wò mí. Mo ká ẹní mi, mo ní ooru ń mú mi, mo lọ tẹ́ ẹ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tí ooru ti pọ̀ ju inú yàrá lọ, tí ẹ̀fọn sì ń dúró dè mí. Ní òwúrọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti kí bàbá àgbà. Nígbà tó yá, mi ò wá sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́. Màá ti mú ìgbálẹ̀, màá ti wà lójúde kí ìyá àgbà tó kúnlẹ̀, èmi tí wọ́n máa ń jí tí kì í fẹ́ jí.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyá àgbà tó bi mí. Wọn kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí.

"Ṣé bàbá àgbà ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ní rárá. Ó dùn wọ́n, mo rí i pé ó dùn wọ́n, ojú sì tì mí, ṣùgbọ́n ojú tó tì mí kò lè gbé ẹsẹ̀ mi wọ yàrá yẹn.

Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá ní Sátidé láti wá wo ibi tí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi dé. Iṣẹ́ kò dé ibì kankan. Ìwé ti gbà mí lọ́kàn débi pé mi ò tíì dárúkọ Ìkirè fún ìyá àgbà rárá. Ṣùgbọ́n bàbá mi rí ẹní mi tó wà ní kíká ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n sì bi mí ìdí tí mi ò fi sùn nínú yàrá.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni, Bàbá."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Mo tọ́ka sí yàrá náà. Mo ti ń retí pé wọ́n á bá mi wí, nítorí akọ̀wé kóòtù ni wọ́n, wọn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n wo ẹnu ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ìyá wọn.

"Ìyá, ṣé ẹ rí i báyìí? Ọmọ ọmọ yín ń bẹ̀rù ilé yín. Bí àwọn ọmọ kò bá lè sùn níbí mọ́, ta ni yóò máa dúró tì yín?"

Ìyá àgbà wò mí. Mi ò lè wo ojú wọn padà. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bí ilé mi bá ti di ohun tí ọmọ ń sá fún, màá máa bọ̀ ní Ìkirè. Gbé lọ́rì wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ohun tí bàbá mi ti bẹ̀bẹ̀ fún títí tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀, ìwé tí kò lẹ́yìn ló bá wọn ṣe é. Inú wọn dùn, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní mo gbìyànjú. Wọ́n ń súfèé bí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ó yẹ kí inú tèmi náà dùn, mo ti gba fèrèsé, mo ti gba tábìlì. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi obì, mi ò sì ṣí ìwé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ìyá àgbà kó adìẹ wọn fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n di ìkòkò wọn, wọ́n ká aṣọ wọn sínú àpótí. Wọ́n ṣì ń kí bàbá àgbà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wà lójúde lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá. Wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n máa bọ̀, Bàbá. Mi ò mọ ẹni tí yóò máa sọ fún yín bí òjò bá rọ̀." Mo gbá ojú kan náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ lu.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ ni wọ́n rántí ìwé náà. Wọ́n ní kò dára kí àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ kí àwọn má gbọ́ òpin rẹ̀. Mo ṣí i, mo kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó wúwo. Ní òpin, ọkọ ìyàwó náà yìnbọn fún òkú, ìbọn kò ràn án. Wọ́n wá tì í mọ́ àjà ilẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn méjèèjì sì gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ. Òwúrọ̀ mọ́, oòrùn sì yọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Mo pa ìwé dé. Mo ní ó parí, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, omi wà lójú ìyá àgbà.

"Kí ni ọkùnrin náà ní òun ń fẹ́?"

"Kò sọ, Ìyá."

"Ṣé wọ́n bi í ni?"

Mo tún ìwé ṣí. Mo wò ó láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Wọ́n sá fún un, wọ́n kígbe mọ́ ọn, wọ́n dákú, wọ́n gbé àgbélébùú sí i lójú, wọ́n yìnbọn. Nínú gbogbo ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì yẹn, mi ò rí ibì kan tí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀.

"Wọn kò tiẹ̀ kí i?"

"Wọn kò kí i, Ìyá."

"Ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tí ẹnì kan kò wí fún un pé ẹ káàárọ̀." Ìyá àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí wọn, wọ́n dìde. "Èmi náà ì bá dìde rìn."

Wọ́n wọlé lọ, èmi nìkan ṣẹ́ kù pẹ̀lú ìwé náà. Mo ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ti yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò títí tó fi fẹ́ já, ìyá àgbà tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan ló sì rí kókó rẹ̀. Mi ò ronú rẹ̀ pẹ́. Bí mo bá ronú rẹ̀ pẹ́, mi ò ní ṣe é. Mo dìde, mo wọ yàrá náà lọ, mo kúnlẹ̀ sí ibi tó tutù yẹn, mo ní ẹ káàsán, Bàbá àgbà. Mo ní kí wọ́n má bínú, ìwé kan ni mo kà. Mo wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí mo máa parí, ìyá àgbà ti dúró sẹ́yìn mi. Wọ́n kàn gbé ẹní mi láti ọ̀ọ̀dẹ̀ wá, wọ́n sì fi í lé mi lọ́wọ́.

Lọ́rì dé ní òwúrọ̀ Sátidé, bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí mo fi wà lórí eékún. Mo ní ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Mo ní bí ìyá àgbà bá lọ, kò sí ẹni tí yóò máa kí bàbá àgbà, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìyá àgbà dúró, èmi á máa gbé lọ́dọ̀ wọn, Àpòmù ni màá ti máa lọ sí ilé ìwé. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mò ń rí fèrèsé mi tó ń lọ. Inú bí bàbá mi. Wọ́n ní lọ́rì ti dé, ìyá àwọn ti gbà, ìwé wo tiẹ̀ ni ọmọ yìí kà gan-an. Wọ́n ti na ọwọ́ sí àpótí àkọ́kọ́ nígbà tí ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, kí o tó gbé nǹkan kan, wọlé kí bàbá rẹ."

"Ìyá, dírẹ́bà ń dúró."

"Yóò dúró. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, o ò tíì wọ yàrá yẹn. Mo mọ̀. Mi ò bá ọ wí rí."

Bàbá mi dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ ní kóòtù. Mo wo ojú wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń wò, nítorí pé mo ti gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ kiri ilé náà fún ọjọ́ mélòó kan. Tèmi wá láti inú ìwé. Mi ò mọ ibi tí tiwọn ti wá, bóyá ìbànújẹ́ ni, bóyá ìtìjú pé wọn kò tètè wá, wọn kò sì sọ fún mi títí ayé. Gbogbo ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ yẹn, àti ẹ̀bẹ̀ ọdún méjì, torí kí wọ́n má baà ní ohun tí yóò tún gbé wọn wá sí ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà wọn. Wọ́n wọlé.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀ pé bàbá mi ní, ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni." Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Wọ́n sọ iṣẹ́ kóòtù, wọ́n sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà àti eyín tó ti yọ lẹ́nu wọn, wọ́n sọ nípa ilé tuntun láti ìpìlẹ̀ dé páànù. Dírẹ́bà wá bèèrè bóyá kí òun máa lọ, ìyá àgbà gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, bàbá mi ṣì ń ròyìn. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ti pọ́n, wọn kò sì rántí wọ bàtà. Wọ́n lọ wo ògiri tó là, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, wọ́n wá sọ fún dírẹ́bà pé kó lọ sí odò lọ kó iyanrìn wá, pé iṣẹ́ ti yí padà. Dírẹ́bà kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn ti wà níkùn rẹ̀.

Àpòmù ni mo ti ń lọ sí ilé ìwé Mọ́dà ní Ìkirè títí mo fi parí rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá láàárín ọ̀sẹ̀, wọn kì í sì í jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo dá ìwé padà fún tíṣà wa, wọ́n bi mí bóyá ó bà mí lẹ́rù. Mo ní ó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n àánú ọkùnrin tí wọ́n dáná sun ló ṣe mí jù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ka ìwé mìíràn. Ìyá àgbà gbé nínú ilé wọn títí òmìnira fi dé tó tún kọjá lọ, nígbà tí àkókò wọn sì tó, ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn la tẹ́ wọn sí, bàbá mi ló sì kọ́kọ́ kí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi náà ti di arúgbó báyìí. Láti ìgbà náà mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀, mo fẹ́ràn wọn, mo sì máa ń bá àwọn òkú inú wọn kẹ́dùn. Pásítọ̀ wa ní òkú kì í gbọ́ ohun tí a bá wí, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọkùnrin kan tí ẹ̀rù ń bà wọ yàrá kan lọ lójú mi, ó sọ̀rọ̀ tán, ó sì jáde láìní ẹ̀rù. Bàbá mi alára, ìtẹ́ òkú ìjọ ní Ìkirè ni a sin wọ́n sí, nítorí pé wọn kì í sábà sin ènìyàn sínú ilé mọ́. Mo máa ń lọ kí wọn. Ní Kérésì tó kọjá, mo lọ ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo jókòó, mo ń ròyìn fún wọn pẹ̀lú ohùn tó já geere. Ọmọdébìnrin kan tó wá tu koríko lórí ibojì àwọn ènìyàn rẹ̀ gbójú sókè, ó rí mi, ó sọ ọkọ́ nù, ó sì figbe ta. Mo pè é pé kó má sá, pé bàbá mi ni mò ń kí, ṣùgbọ́n ó ti dé ojú títì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Nígbà tí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, mo bá ìròyìn mi lọ láti ibi tí mo dé.